Ohùn Ìyá Nínú Fóònù: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọmọbìnrin Kan Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀, àti Ohun Tí Orin Ṣe Fún Un

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó sì wà ní kíláàsì SS2 ní ilé-ìwé girama ìjọba kan ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ agbaninímọ̀ràn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé náà, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ẹbí rẹ̀ mọ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ ló fún mi láyè láti kọ ọ́. Ohun kan tí ọmọ náà bẹ̀ mí pé kí n má kọ rárá ni orúkọ oríkì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Ó ní tòun nìkan ni, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Lọ́jọ́ Ajé kan, ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kìíní, ó ṣubú sí ìdí àpò èlùbọ́ rẹ̀, wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló já sí rọpárọsẹ̀. Ó kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Mùsùlùmí ni wọ́n, a kì í sì í jẹ́ kí òkú Mùsùlùmí pẹ́ nílẹ̀; kí aago 2 ọ̀sán tó lù, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n sì ti sin ín. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ náà wà ní ilé-ìwé, ó ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò. Kò sẹ́ni tó wá pè é. Àwọn àgbà ilé rò pé bó bá wọlé bá a pé ohun gbogbo ti parí, kò ní dùn ún tó kó fojú ara rẹ̀ rí òkú. Nígbà tó délé, ó bá yẹ̀pẹ̀ tútù lẹ́yìnkùlé, ó bá àwọn obìnrin lórí ẹní, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan sì dì í mú léjìká pé kó má sunkún, pé ọmọ náà ni ìyá àbúrò rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Àbúrò yìí, ọmọkùnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 7.

N kò dá ẹ̀sìn lẹ́bi nínú èyí, nítorí kò sí ibi tí Ìsìláàmù ti ní kí á fi ikú ìyá pa mọ́ fún ọmọ. Àṣà àwa fúnra wa ni, àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ pẹ̀lú sì ń dá a: bí àgbà bá kú, a ó kó àwọn ọmọdé lọ sí ilé aládùúgbò, a ó ní olóògbé rìnrìn-àjò, a ó sì pe èyí ní àánú. Ọmọ ọdún 7 lè gbà á gbọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ ọdún 15 mọ ohun tí ikú jẹ́, ohun tó sì máa ń kù sí i lọ́kàn ni pé wọn kò kà á mọ́ àwọn tó yẹ kó dágbére. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìdágbére fún òkú, tí a fi ń sọ fún un pé bó bá dé ọ̀run kó má jọ̀kùn, kó má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó bá wọn jẹ. Ọmọ yìí kò rí àyè sọ ọ̀rọ̀ kankan, kékeré tàbí ńlá.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìsìnkú ni olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní ọmọ náà ń sùn nínú kíláàsì, ó ń fi íápíìsì sábẹ́ hìjáàbù rẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, àti pé lọ́jọ́ tí olùkọ́ kan gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, igbe tó ké mú kí gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọ tó máa ń gbé ipò kẹta ti bọ́ sí ipò 27 nínú ìdánwò àárín sáà. Orí ń fọ́ ọ ní ojoojúmọ́. Kò jẹ́ fọwọ́ kan àmàlà mọ́, nítorí pé èlùbọ́ tí ìyá rẹ̀ lọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń rò nílé, ó sì ní bí ó bá tán, ó tán nìyẹn.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, mo bi í léèrè tààrà bóyá ó ti ṣe é bíi pé kó kú rí. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá bi ọmọ ní irú ìbéèrè yìí, a ó fi èrò náà sí i lọ́kàn; kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ ti ń dá rò ni a kàn ń bá a gbé. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní òun ti gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan pé kí òun má jí. Mo sọ fún un pé n kò ní lè fi èyí pa mọ́ fún bàbá rẹ̀, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ máíkírà, wá lọ́jọ́ kejì, a sì jọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ilé-ìwòsàn ńlá kan. Dókítà náà rí i lẹ́ẹ̀mejì, kò fún un lóògùn, ó sọ àwọn àmì tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, ó sì ní kí a máa bá ohun tí a ń ṣe ní ilé-ìwé lọ. Mo kọ èyí síbí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé orin nìkan la gbé dojú kọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà. Orin kò rọ́pò dókítà.

Kí ló ń gbọ́ nínú íápíìsì yẹn? Orin pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń padà sí jù ni ohùn kan tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí kò gùn ju ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 52 lọ. Nígbà tí ọmọ náà lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìlọrin, ìyá rẹ̀ jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kò rí ẹni tí yóò kì, ó sì ki í sínú fóònù. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti gbọ́njú, bí ìyá rẹ̀ bá ti kírun Àsùbáà tán, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló máa ń wá dúró sí, yóò pe orúkọ oríkì rẹ̀, yóò fà á gùn, yóò bọ́ sí oríkì ìdílé, yóò sì parí rẹ̀ sí orin àsàlátù tí àwọn obìnrin máa ń kọ lọ́jọ́ Àìkú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe ń jí. Mo bi í léèrè ohun tó le jù láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí owó ilé-ìwé tàbí àbúrò rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin mọ́mì, kò sẹ́ni tó ń pè mí mọ́. Orúkọ kíláàsì ni gbogbo wọn ń pè mí.”

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 14, n kò sì tíì gbọ́ kí ọmọ kan ṣàlàyé òfò rẹ̀ báyìí rí. Ikú mú ìyá lọ, ó sì mú ẹnu kan ṣoṣo tó mọ bí a ṣe ń pe ọmọ náà lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ mi sọ́nà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpàdé kejì mo ṣe àṣìṣe tó burú. Nígbà tí bàbá tèmi kú, orin ìjọ kan wà tó gbé mi ró, mo sì rò pé ohun tó bá tù mí nínú yóò tu òun náà nínú. Mo tan orin náà lórí fóònù mi láì bi í. Kò pẹ́ tó fi ọwọ́ bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó dìde, ó sì jáde. Orin náà kò lẹ́bi, ṣùgbọ́n orin mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, kì í ṣe ti ilé rẹ̀, ó sì ń sọ pé kó fọkàn balẹ̀ nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó jẹ́ kó sunkún. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í yan orin fún ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ní ìpàdé kẹta, mo ní kó kó orin tirẹ̀ wá. Mẹ́rìnlá ni, àfikún sí ohùn ìyá rẹ̀: orin àwọn ọ̀dọ́ òde òní ló pọ̀ jù, wákà mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn wà níbẹ̀, àti orin òyìnbó méjì tí kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn ṣùgbọ́n tí ohùn wọn ń mú omi wá sójú rẹ̀. N kò sọ pé èyí dára, n kò sì sọ pé èyí burú. Mo fún un ní ìwé kékeré kan, mo ní kó máa kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí kó tó gbọ́ orin kan àti bó ṣe rí lẹ́yìn tó gbọ́ ọ tán, kó sì kọ aago àti ibi tó wà. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé orin kan náà lè gbé ọ̀dọ́ kan dìde kó sì rì ẹlòmíì mọ́lẹ̀. Suvi Saarikallio, olùwádìí nípa orin láti Finland, pẹ̀lú Christian Gold àti Katrina McFerran tó ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, gbé ìbéèrè 13 kan jáde ní 2015 láti fi yẹ ọ̀dọ́ wò lórí bó ṣe ń lo orin. Ohun tí ìbéèrè wọn ń wá ni bóyá orin ń so ọmọ náà pọ̀ mọ́ ènìyàn tó sì ń fún un lókun, tàbí bóyá ó ń fi í sá fún ènìyàn tó sì ń yí èrò búburú kan náà ká lọ́kàn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé náà sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Mẹ́sàn-án nínú orin mẹ́rìnlá náà ló ń fi í sílẹ̀ nínú ipò tó burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo wọn ló sì ń gbọ́ láàárín aago 11 alẹ́ sí aago 3 òru, lábẹ́ aṣọ ìbora, lóun nìkan. Wákà mẹ́ta yẹn ń mú un sunkún, ṣùgbọ́n ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé “ó fúyẹ́.” Ohùn ìyá rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Lóru, lẹ́yìn tó bá gbọ́ ọ, ó kọ pé àyà ń dùn ún, pé kò lè mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí àbúrò rẹ̀ bá a lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́ tó sì ní kó jẹ́ kí òun náà gbọ́. Àwọn méjèèjì pín íápíìsì, ọ̀kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó kọ ni, “Ebi pa mí. Mo jẹun.” Ohùn kan náà ni, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 52 kan náà.

Ohun tí mo rí nínú ìwé yẹn ni mo gbé gbogbo ìyókù iṣẹ́ náà kà. Kì í ṣe irú orin ló ń pinnu, bí kò ṣe wákàtí tí ọmọ fi gbọ́ ọ àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bá ohun tí Margaret Stroebe àti Henk Schut, àwọn olùwádìí nípa ọ̀fọ̀, sọ ní ilẹ̀ Netherlands ní 1999 mu, pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í rìn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ṣe ló máa ń lọ sídìí òfò náà, tó sì máa ń padà sídìí ìgbé-ayé, lọ-bọ̀ lọ-bọ̀, ara kò sì lè dá bí kò bá rí méjèèjì ṣe. Ọmọ yìí ń lọ, kò rí ọ̀nà bọ̀. Nítorí náà, a kò gba ohùn ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókò la fún un. A fi àdéhùn sí i pé lẹ́yìn ìrun Alásárì ni òun àti àbúrò rẹ̀ yóò máa gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò sì lọ ṣe nǹkan mìíràn lẹ́yìn náà, ì báà jẹ́ ẹfọ́ gígé tàbí omi pípọn. Bí ìrun Ìṣáì bá ti parí, fóònù yóò wà ní yàrá bàbá.

Kó tó gbà bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí a ní láti ṣe ná, mo sì rọ gbogbo ẹni tó bá wà nípò mi láti má ṣe gbàgbé rẹ̀. Ojú fóònù náà ti fọ́, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ náà lójoojúmọ́ pé bí fóònù náà bá kú, ohùn ìyá òun náà kú. Ìdí tó fi ké nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì nìyí. A da ohùn náà kọ sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mi àti sórí mẹ́mórì káàdì méjì, bàbá rẹ̀ mú ọ̀kan, ọmọ náà sì mú èkejì. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Ìpàdé karùn-ún kò lọ dáadáa. Thomas Dalton àti Robert Krout, àwọn tó ń fi orin ṣe ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, ti gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ tí èèyàn wọn kú fi ń kọ orin ara wọn, tí wọ́n sì ń gba inú rẹ̀ la ohun márùn-ún kọjá: kí wọ́n lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbà kí ó dùn wọ́n, kí wọ́n rántí, kí wọ́n so òfò náà pọ̀ mọ́ ayé tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n sì dàgbà sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo fún un ní bébà, ó gbé bírò lé e, kò sì kọ nǹkan kan. “N kò mọ orin kọ,” ó ní, “àwọn tó ń kọrin ló ń kọ orin.” Mo sọ fún un nípa Paul McCartney, gbajúgbajà olórin ọmọ Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kú ní oṣù kẹwàá 1956 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 14, tó sì di gìtá mú kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Lennon, tí mọ́tò gbá ìyá rẹ̀ pa ní oṣù keje 1958 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Nígbà tí wọ́n kọrin tán, ta ló dá wọn lóhùn?” N kò ní ìdáhùn fún un. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé nígbà tí sáà parí, nítorí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe orin tí ènìyàn ń dá kọ ni ọmọ yìí ń wá. Ó ń wá ohùn tí yóò pè é, tí òun náà yóò sì jẹ́.

Ìyá ìyá rẹ̀ wà láyé, ní abúlé kan ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló kọ́ olóògbé ní oríkì tó ń ki ọmọ rẹ̀. Mo pe bàbá náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ìyá àgbà kó sì kọ́ oríkì náà. Bàbá kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ orin nínú ọ̀fọ̀, pé ìyàwó òun kò kú tán kí wọ́n tó máa ṣe àríyá, àti pé àwọn kan ti sọ fún òun pé òkú tí wọ́n bá ń kọrin sunkún lé lórí kì í sinmi. N kò bá a jiyàn. Mo ní kí àwa méjèèjì lọ bi ááfà àdúgbò wọn, ẹni tó kírun sí olóògbé lára. Ááfà náà gbọ́ wa délẹ̀. Ó ní ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kí ènìyàn máa pohùn réré, kó máa fa aṣọ ya, kó máa bínú sí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Ànábì fúnra rẹ̀ sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú, ó sì sọ pé ojú ń ṣomi, ọkàn sì ń bàjẹ́. Ó ní kí ọmọ máa rántí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ẹnu kò burú, bí kò bá ti sí bẹ̀ǹbẹ́, tí wọ́n sì yọ ibi tí oríkì bá ti ń bọ òrìṣà kúrò. Ojú bàbá náà rọ̀. Lójú ọ̀nà, nínú máíkírà, ó sọ fún mi pé òun náà kò tíì sunkún.

Ìdílé bàbá olóògbé jẹ́ ti Ìkòyí, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ oríkì Ìkòyí mọ̀ pé ogun àti ikú ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ìyá àgbà kò sì fi ìkankan pa mọ́ fún ọmọ náà àyàfi ibi tí ááfà ní kí wọ́n yọ. Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá àgbà yóò lé, ọmọ yóò gbè. Bó bá ṣi ohùn gbé, ìyá àgbà yóò dá a dúró, yóò ní kó tún un wí. Láàárín oríkì, ẹkún á gbọ̀n ìyá àgbà náà, nítorí ọmọ tòun ló kú, ọ̀fọ̀ gidi ni lójú Yorùbá kí òbí máa sin ọmọ. Àwọn méjèèjì á dákẹ́, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà sọ fún mi pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àgbàlagbà kan sunkún lójú òun láì yíjú padà.

Nígbà tí sáà kejì wọlé, ó wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ojú ewé mẹ́rin tó kọ oríkì sí. Ó ti ṣe ohun kan tí n kò retí. Lẹ́yìn ibi tí oríkì àwọn baba ńlá parí sí, ó ti fi ẹsẹ̀ mẹ́fà kún un nípa ìyá rẹ̀: obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ funfun nítorí èlùbọ́, tó ń fi igbá kún igbá fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pé, tó ṣubú sídìí ọjà rẹ̀ láì kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn yìí, láti inú ìtàn ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ló ti fa á yọ. Ọmọ tó ní òun kò mọ orin kọ ti kọ ọ́ ní ọ̀nà tí ìran rẹ̀ ń gbà kọ ọ́. Bí oríkì ṣe ń dàgbà nìyẹn. Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní ìlú Òkukù ní àwọn ọdún 1970 tó sì fetí sí àwọn obìnrin tó ń ki ènìyàn níbẹ̀, ti fi hàn pé àwọn obìnrin ló ń gbé oríkì ró jù, pé oríkì ni wọ́n fi ń mú kí òkú wà láàárín àwọn alààyè, pé ẹnu wọn ló sì ń so ẹsẹ̀ kan mọ́ òmíràn. Gbogbo ohun márùn-ún tí Dalton àti Krout ń wá wà nínú ẹsẹ̀ mẹ́fà yẹn. Mo kà á, mo sì dákẹ́.

Ìpàdé mẹ́fà tó kù ni a fi ń ki oríkì náà. Ó máa ń ki í fún mi, èmi yóò sì máa gbè níbi tó bá kọ́ mi pé kí n gbè. Ní ìpàdé kẹsàn-án, bàbá rẹ̀ wá jókòó. Ọmọ náà ki ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìdágbére tí kò rí àyè sọ lọ́jọ́ ìsìnkú parí rẹ̀. Bàbá náà fi etí agbádá rẹ̀ bojú. Mo jáde fún wọn.

Ohun tó yí padà kò pọ̀ tó bí àwọn kan ṣe lè fẹ́. Ó ń sùn lóru, orí fífọ́ náà dínkù, ó sì ń jẹ àmàlà, nítorí èlùbọ́ ìyá rẹ̀ tán láìsí pé ohun kan wó. Ipò rẹ̀ nínú kíláàsì kò tíì padà sí bó ṣe wà. Ó gbé ipò 15 ní òpin sáà kejì. Nígbà ọdún Iléyá, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ikú náà, tí àwọn ọmọ ilé mìíràn wọ aṣọ tuntun tí ìyá wọn rán, ó wọ yàrá fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì tún ń gbọ́ àwọn orin òru yẹn. Ẹ̀rù bà mí. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tún ṣe ní 2022 sọ pé bí ọ̀fọ̀ bá ṣì ń dí ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láti gbé ayé rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn oṣù 6, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti di àìsàn. Oṣù 12 ni wọ́n fún àgbà. A mú un padà sọ́dọ̀ dókítà náà. Dókítà ní ọjọ́ ọdún ló tu egbò náà, àti pé kí a wo ohun tí yóò ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ karùn-ún ló jáde fúnra rẹ̀, ó gbé fóònù fún bàbá rẹ̀, ó sì ní kó mú òun lọ sí ojú oórì.

Àbùkù kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo mọ̀. Mo fi gbogbo ọkàn sí ọmọ ọdún 15 tí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ mi, n kò sì bi ọmọ ọdún 7 tó wà nílé léèrè nǹkan kan, bí ẹni pé ọ̀fọ̀ kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tó ti dé láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọkùnrin náà ló máa ń dúró sí, yóò pe orúkọ oríkì rẹ̀, yóò fà á gùn bí ìyá wọn ṣe máa ń fà á, yóò sì ki í dé ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́fà yẹn wà. Kò sọ fún mi rí. Bàbá wọn ló sọ ọ́.

Bàbá náà ló tún pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Iléyá. Ó ní òun gbọ́ ohùn kékeré kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òun sì rò pé fóònù ni. Ọmọkùnrin náà ló ti jí ṣáájú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù ìwẹ̀ lọ́wọ́, ó ń pe orúkọ oríkì rẹ̀. Ó ṣi ohùn orúkọ náà gbé, ó gbé e sókè níbi tó yẹ kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ó jẹ́ ẹ, ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kó tún un pè, ó sì fi ìka di àgbọ̀n rẹ̀ mú títí ó fi pè é bó ti yẹ.